Ọdún Tí Wọn Ò Bí Ọkùnrin

"Ọkùnrin àádọ́ta lọ́dún tó kọjá, lọ́dún yìí kò sí ẹyọ kan!" Ọ̀gá ológun fọwọ́ gbá ìwé ìbí lórí tábìlì. "Akọ̀wé, kí ló fà á?"

Inú ìwé yẹn ni wọ́n ti ń ṣa àwọn ọmọkùnrin lọ sógun bí wọ́n bá ti dàgbà.

"Obìnrin ni wọ́n ń bí, sà."

Ìyá ọlọ́mọ kan wọlé. "Ẹ bá mi kọ ọmọ mi sílẹ̀. Obìnrin ni."

Kó tó pa ẹnu dé, ìkókó fẹsẹ̀ ta aṣọ nù, ìtọ̀ ọmọkùnrin ta sókè ṣàà, ó bà sí kọ́là ẹ̀wù ọ̀gá.

Ọ̀gá rọra ti ilẹ̀kùn.

"Kọ obìnrin méjì," ó sọ ọ́ wúyẹ́wúyẹ́. "Ìyàwó tèmi náà bímọ lánàá."