Òkúta Inú Bàtà

Oòrùn ò tíì yọ ní Ṣakí tí Bàbá Oyèkúnlé ti wọ bàtà ẹ̀rọ tó ń sọ̀rọ̀, tó ń bá a fura. Ọjọ́ ti pẹ́ tí àtọ̀gbẹ ti sọ àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ̀ di òkú. Bàtà ló ń bá a mọ ilẹ̀.

"Ẹ kọ́kọ́ fi gìgísẹ̀ tẹlẹ̀, Bàbá," ni bàtà wí. "Ẹgbàá ìṣísẹ̀ ni tòní."

Àfi tí nǹkan bá fẹ́ dá egbò sí Bàbá lẹ́sẹ̀ ni bàtà tó máa ń ké sí Mojírádé, ọmọ rẹ̀ kan ṣoṣo, lókè òkun. Ìdí nìyẹn tí Bàbá fi ju òkúta wẹ́wẹ́ kan sínú rẹ̀ lọ́sẹ̀ tó kọjá. Kò tíì rìn dé ìdí máńgòrò tí ohùn ọmọ náà fi dún láti inú bàtà.

"Bàbá mi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bọ́ bàtà yẹn. Òkúta wà níbẹ̀. Ẹ̀yin lẹ fi síbẹ̀, àbí?"

"Ilé ti dá páropáro jù, Mojí."

"Wọ́n ti gé ọmọ-ìka kan lẹ́sẹ̀ yín o. Ẹ ṣáà máa rìn dáadáa, èmi fúnra mi á máa pè yín láràárọ̀."

Bàbá gbà. Odindi ọjọ́ mẹ́fà ló fi rọra ń yan bí alágẹmọ. Bàtà ń yìn ín. Mojí ò pè.

Lónìí, Bàbá dé ìdí máńgòrò, ó jókòó, ó tú okùn bàtà. Ó fi ìka tẹ òkúta mẹ́ta tó ṣà nílẹ̀ wò, ó sì yan èyí tó mú jù.