Kọ̀ǹpútà Tó Kọ̀ Jálẹ̀

Ìyá àgbà ló kọ́kọ́ hùwà òpè. Áàpù tí ọmọ rẹ̀ obìnrin ní kó fi sórí kọ̀ǹpútà kí wọ́n lè máa rí ojú ara wọn, "Rárá" ló ń tẹ̀ níbi tó yẹ kó tẹ "Bẹ́ẹ̀ ni". Ó ní òun kì í fún àjèjì láṣẹ.

"Màmá, ẹ tẹ 'Bẹ́ẹ̀ ni' lọ́tẹ̀ yìí," ọmọ náà wí lórí fóònù. "Bó bá tún kọ̀, mo máa wá fúnra mi lọ́la."

Ìyá àgbà tẹ̀ ẹ́. Áàpù náà wọlé wọ́ọ́rọ́wọ́, ó sì ṣí fúnra rẹ̀. Ṣùgbọ́n ó ti pẹ́ tí ọmọ yìí ti yọjú sílé kẹ́yìn, "mo máa wá" yẹn sì dùn létí ìyá ju oyin lọ. Ó dìde, ó so ìró le, ó ju ìdí sọ́tùn-ún, ó jù ú sósì. Ó tún jókòó, ó fajúro bí ẹni tí ewúrẹ́ rẹ̀ sọnù.

"Ọmọ mi, ó kọ̀ jálẹ̀ o. Olórí kunkun ni, bíi bàbá rẹ."

"Kí ló kọ síbẹ̀?"

"Ó ní àfi kí o wá."

Ọmọ náà bú sẹ́rìn-ín.

"Màmá, mo ti ń wò yín látìgbà tó ti wọlé. Ẹ tọ́jú ìyókù ijó yẹn dọ̀la, iwájú yín gan-an ni mo fẹ́ jókòó sí wò ó."