Ṣípù Tí Kò Lè Dá Ṣiṣẹ́

"Fa okùn àyẹ̀wò yẹn yọ. Kó dá ṣiṣẹ́ ká rí i!"

Ọ̀gá ń pariwo. Àwọn tó fẹ́ ra ṣípù kọ̀ǹpútà tuntun wa ti wà lọ́nà.

Mo fa okùn yọ. Ṣípù kú pátápátá.

Mo ti okùn náà bọ inú rẹ̀ padà. Ó jí.

Àǹtí tó ya àwòrán ṣípù náà ń làágùn. Òun ló yan okùn yìí, tó ń wọ inú ṣípù lọ wo ohun tó ń ṣe é. Èmi ní ká lo okùn tó kàn ń gbọ́ ohun tí ṣípù bá sọ.

"Ṣípù tó ń fi ọ̀pá rìn lẹ fẹ́ kí n tà?"

"Ẹ ṣe sùúrù, sà."

"Sùúrù kí ni? Mò ń pè wọ́n kí wọ́n padà sílé!"

Ọ̀gá gbé fóònù sétí, ó kọrí sẹ́nu ọ̀nà. Wáyà fà á padà.

Àǹtí fojú tọ wáyà náà, láti ìdí fóònù dé orí tábìlì wa.

"Ọ̀gá, iná tín-ín-tín inú okùn àyẹ̀wò ló ń gbé ẹ̀mí ṣípù yìí ró látàárọ̀.

"Wáyà iná ti ṣípù gan-an lẹ yọ, tí ẹ fi ń ṣáàjì fóònù yín."