Lẹ́ńsì Gígùn Nínú Yàrá Ìyá

Ẹ jọ̀ọ́, bí ẹ bá ti bẹ̀rẹ̀ ìtàn yìí, ẹ má fi í sílẹ̀ láàárín ọ̀nà. Ẹ kà á tán, kí ẹ fi ránṣẹ́ sí ẹnikẹ́ni tí ẹ bá mọ̀ tí ohun tó ní lọ́wọ́ ti sú. Ọ̀rọ̀ ọkùnrin yìí ń bí mi nínú títí di òní.

1.

Ayàwòrán ni. Òun àti ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan, ayàwòrán bíi tirẹ̀, ni wọ́n jọ ń lo ṣọ́ọ̀bù kékeré kan. Fọ́tò pásípọ́ọ̀tù, ọmọ ọwọ́ lórí ẹsẹ̀ ìyá rẹ̀, ọjọ́ ìbí nínú pálọ̀ àwọn èèyàn: iṣẹ́ tó ń bọ́ ọ nìyẹn. Lẹ́ńsì kékeré tó bá kámẹ́rà rẹ̀ wá láti inú páálí ló fi ń ṣe gbogbo rẹ̀. Lẹ́ńsì náà kò lè fa ohun tó jìnnà mọ́ra, ṣùgbọ́n bí èèyàn mẹ́wàá bá há mọ́ inú yàrá kan, á kó gbogbo wọn.

Lọ́jọ́ kan, ó rí lẹ́ńsì gígùn lọ́wọ́ ẹni tó ń ta kámẹ́rà. Ó gbé e sójú, ó rí ẹyẹ kan lórí òpó iná ní ìparí àdúgbò, ó sì rí ìyẹ́ rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. Ó parí. Láti ọjọ́ náà, kò tún sí ọ̀rọ̀ mìíràn lẹ́nu rẹ̀. Ọ̀rẹ́ rẹ̀ bi í léèrè pé, nínú àwọn oníbàárà wọn, èwo ló ń gbé orí òpó iná? Ó ní kó ṣe sùúrù títí agbára rẹ̀ á fi ká méjèèjì. Ẹ gbà mí, ṣé ọ̀rọ̀ yẹn le? Ọkùnrin yìí fi lẹ́ńsì kékeré kún owó, ó fi gba èyí tó gùn. Ó wá sọ ara rẹ̀ ní Ojú Àṣá, ó sì ní kí wọ́n kọ ọ́ sára ilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀bù.

2.

Àmì ti kọ́kọ́ hàn. Wọ́n pè é kó wá ya ọmọ kan tó ń ṣe ọjọ́ ìbí. Pálọ̀ náà kò tóbi, lẹ́ńsì gígùn sì ń fẹ́ àyè. Bí o bá sún mọ́ èèyàn jù, imú rẹ̀ nìkan lo máa rí. Ojú Àṣá ń fẹ̀yìn rìn títí ó fi bá ara rẹ̀ ní pálọ̀ aládùúgbò. Àwọn òbí gba fọ́tò eyín, wọ́n gba fọ́tò etí, wọn ò rí fọ́tò ọmọ wọn gbà. Ẹlòmíràn á ti ronú. Òun ní àwọn èèyàn ò mọ iṣẹ́ tó dára ni.

3.

Ìyá rẹ̀ ń ṣàìsàn. Ẹsẹ̀ rẹ̀ kò gbé e mọ́, dókítà sì ti ní kí wọ́n gbé e wá fún iṣẹ́ abẹ. Ohun kan ṣoṣo ni màmá béèrè kó tó lọ: fọ́tò kan tí òun àti àwọn ọmọ òun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin máa jọ wà nínú rẹ̀. Wọn ò ya irú rẹ̀ rí, torí ẹ̀gbọ́n wọn obìnrin, tó jẹ́ aránṣọ, ti pẹ́ nílùú òkèèrè. Aránṣọ yìí pa iṣẹ́ tì, ó wọkọ̀ wálé.

Bí Ojú Àṣá ṣe fẹ́ kúrò ní ṣọ́ọ̀bù lọ sọ́dọ̀ wọn, ọ̀rẹ́ rẹ̀ na lẹ́ńsì kékeré tirẹ̀ sí i.

"Mú un dání. Mo mọ yàrá màmá."

"Kí n wá máa yá lẹ́ńsì tí àwọn ọmọ iṣẹ́ ń lò? Èmi Ojú Àṣá?"

Ẹ̀yin tí ẹ ń kà á, ẹ dákun, kí ni yíyá máa mú kúrò lára rẹ̀?

4.

Bẹ́ẹ̀dì màmá gba ìdajì yàrá, kọ́bọ́ọ̀dù fẹ́rẹ̀ẹ́ gba ìyókù. Àwọn ọmọ yòókù yí i ká, àǹtí aránṣọ di ọwọ́ rẹ̀ mú. Ojú Àṣá gbé kámẹ́rà sójú láti wọn àyè, kó tó gbé e kalẹ̀ kí òun náà lè bọ́ sáàárín wọn; àgbọ̀n àǹtí ló rí. Ó sún sẹ́yìn, ẹ̀yìn rẹ̀ kan kọ́bọ́ọ̀dù. Ó jáde sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, ẹ̀yìn rẹ̀ kan ògiri. Láti ibẹ̀, màmá àti èjìká àǹtí nìkan ló rí. Wọn ò sì lè gbé màmá síta, ìrora ò jẹ́.

Àbúrò rẹ̀ kan yọ fóònù. Ojú Àṣá fajú ro, ó ní ṣé wọ́n fẹ́ kí ayé gbọ́ pé fóònù ni wọ́n fi ya ìyá ayàwòrán ni? Àbúrò dá fóònù padà sápò. Ẹ wò ó, inú bí mi sí àbúrò yìí náà. Ọ̀wọ̀ dára, àmọ́ kì í ṣe gbogbo ìgbà.

Ojú Àṣá ní kò sí wàhálà, òun á ya gbogbo wọn àti ara òun lọ́kọ̀ọ̀kan, òun á sì so wọ́n pọ̀ lórí kọ̀ǹpútà. Ó ní kí àǹtí tú ọwọ́ màmá sílẹ̀ kó sún sẹ́gbẹ̀ẹ́, torí èjìká rẹ̀ ń dí òun lọ́wọ́. Àǹtí ṣe bẹ́ẹ̀. Ọwọ́ màmá ṣì nà síbẹ̀.

"Ọmọ mi, ṣé gbogbo wa ló wà níbẹ̀?"

"Gbogbo yín ni, màámi."

Irọ́ ló pa fún un. Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì, wọ́n gbé màmá lọ sílé ìwòsàn. Kò jí lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ náà.

5.

Ojú Àṣá so àwọn fọ́tò náà pọ̀ lóòótọ́. Ẹnì kan ń wo òsì, ẹnì kan ń wo ọ̀tún, orí àǹtí sì tóbi ju ti màmá lọ. Ó tẹ̀ ẹ́ jáde, ó gbé e wá fún àǹtí. Àǹtí ò pariwo. Ó fi ìka tọ́ka sí ọwọ́ màmá tó nà síta, tí kò di nǹkan kan mú.

"Èmi ni màámi di mú níbí. Ìwọ lo ní kí n tú u sílẹ̀."

Ó dá fọ́tò padà fún un, ó wọlé lọ di ẹrù rẹ̀.

Mo gbọ́ pé Ojú Àṣá ti ra lẹ́ńsì kékeré mìíràn báyìí. Ó dára. Ta ni yóò wá fi yà?

Mi ò ní kí ẹ má ra ohun tó ga o. Bí agbára bá ká a, ẹ rà á. Ṣùgbọ́n ẹ má fi èyí tó ń bọ́ yín ṣe pààrọ̀, ẹ má sì jẹ́ kí ìgbéraga dí yín lọ́wọ́ láti yá ohun tí ẹ kò ní. Bí ìyá yín bá ṣì wà, ẹ pe ara yín jọ, kódà kó jẹ́ fóònù tójú rẹ̀ ti fọ́ ni wọ́n máa fi yà yín. Ohun tí a ní là ń náání. Ọmọ aṣẹ́gità ń náání èèpo igi.