Ọkọ̀ Gbé Mummy Lọ, Abẹ́rẹ́ Wà Lọ́rùn Ọmọ

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi ìtàn yìí ránṣẹ́ sí ẹnikẹ́ni kí ẹ̀yin fúnra yín tó kà á tán. Ẹ fara balẹ̀ kà á dé gbólóhùn tó kẹ́yìn, pàápàá ẹ̀yin tí ẹ máa ń mú òbí yín rìnrìn àjò.

1.
Ẹ̀yìn Rye Lane, ní Peckham nílùú ọba, ni Ọbanijésù àti ìyá rẹ̀ ń gbé. Ọmọ dáadáa ni. Òun ló ń gbé Mummy lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì, òun ló ń fọ sùtánà wọn, òun náà ló ń lọ̀ ọ́. Àìsàn ṣúgà ti ń bá Mummy jà tipẹ́. Ẹ̀ẹ̀mẹrin lójúmọ́ ni wọ́n ń gún abẹ́rẹ́ insulin. Àléébù kan ni Ọbanijésù ní: kò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni mọ̀ pé òun ṣàṣìṣe.

Nígbà tí Mummy pé àádọ́rin ọdún, ó ní òun máa mú wọn lọ sí Greece. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin, Shiloh, tó jẹ́ nọ́ọ̀sì ní Sydenham, kìlọ̀ fún un.

"Jẹ́ kí Mummy gbé insulin wọn dání fúnra wọn."

"Sister mi, wọ́n máa gbàgbé ẹ̀ síbì kan ni. Ọrùn mi ni màá gbé e kọ́. I've got it."

2.
Lọ́jọ́ kẹta, wọ́n wọ férì ní èbúté Piraeus, ó di erékùṣù Santorini. Ọkọ̀ náà ga bí ilé alájà mẹ́jọ. Ó ń yà láwọn erékùṣù tó wà lọ́nà, á já èrò, á gbé èrò, á sì gbéra kíá.

Nígbà tó yà ní Paros, Ọbanijésù ya fídíò Mummy, ó fi ránṣẹ́ sí Shiloh. Kò tíì tẹ́ ẹ lọ́rùn. Ó ní ohun tó máa dùn jù ni kóun wà nílẹ̀, kí Mummy máa juwọ́ lókè ọkọ̀.

"Má lọ jìnnà o," Mummy sọ.

"Two minutes, Mummy. Ẹ ṣáà máa juwọ́."

Ó sọ̀ kalẹ̀. Ó ya ìkan, kò dára tó. Ó sún sẹ́yìn, ó tún òmíì yà. Ojú fóònù ló ń wò. Ìgbà tó fi máa gbọ́ ariwo irin, ìlẹ̀kùn ẹ̀yìn ọkọ̀ ti ń gòkè. Ó sáré, ó kígbe. Òṣìṣẹ́ èbúté kan ló fà á sẹ́yìn kó má bàa já sómi.

Mummy ṣì ń juwọ́, wọ́n ń rẹ́rìn-ín. Wọ́n rò pé eré ni.

Àpò insulin ń fì lọ́rùn Ọbanijésù.

3.
Fóònù rẹ̀ dún. "Ọbanijésù, ibo lo wọlé gbà? Mi ò tíì rí ẹ."

"Mummy, ọkọ̀ ti fi mí sílẹ̀, ó di ọ̀la kí òmíì tó wá. Ẹ sọ fún wọn níbẹ̀ pé ẹ nílò insulin."

"Mi ò fẹ́ yọ àwọn èèyàn lẹ́nu. Màá dúró dè ọ́ ní hotel wa ní Santorini. Ṣebí ọ̀la náà ni?"

Kò sí ọkọ̀ míì títí di àárọ̀. Nígbà tílẹ̀ mọ́, ìjì ti dé, àwọn aláṣẹ èbúté ní ọkọ̀ kankan ò gbọdọ̀ gbéra. Ọbanijésù rìn dé ibi tí èbúté parí sí, ó padà, ó tún rìn lọ. Ibi yòówù tó bá kọjú sí, omi ni. Ọlọ́pàá kan bi í bóyá kò sí nǹkan. Ojú tì í. Ó ní kò sí.

4.
Kó tó di àárọ̀ yẹn, Shiloh ti pè é lálẹ́ ọjọ́ tọ́kọ̀ lọ.

"Fídíò yẹn dùn gan-an! Fún mi ní Mummy kí n kí wọn."

Ẹ̀yin èèyàn mi, nọ́ọ̀sì ló wà lórí fóònù yẹn o!

"Wọ́n ti sùn, Sister mi."

"Ṣúgà wọn ńkọ́?"

"It's fine."

Láàárọ̀, ó tún parọ́: Mummy wà ní balùwẹ̀. Bó ṣe ń parọ́ sí i ni òótọ́ ń nira láti sọ. Ó há sí erékùṣù, ó tún há sínú irọ́.

Lọ́sàn-án, ó pe Mummy. Ohùn wọn ti wúwo.

"Òùngbẹ ń gbẹ mí... Ta nìyẹn?"

"Èmi ni, Mummy. Ọbanijésù."

"Bàbá ẹ dà?"

Bàbá rẹ̀ ti kú láti ọdún mọ́kànlá sẹ́yìn.

Ìgbà yẹn ló tó fi ẹkún pe Shiloh. Shiloh ò bú u. Ó pe hotel lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀, nígbà tó fi máa tó ìṣẹ́jú mẹ́wàá, áńbúláǹsì ti dé. Ìṣẹ́jú mẹ́wàá péré!

5.
Ìjì rọlẹ̀ lọ́jọ́ kejì. Orí bẹ́ẹ̀dì ọsibítù, nínú okùn oríṣiríṣi, ni Ọbanijésù ti bá Mummy. Wọn ò kú, ṣùgbọ́n kídìnrín wọn ti bàjẹ́. Lónìí, ẹ̀ẹ̀mẹta lọ́sẹ̀ ni ẹ̀rọ ń fọ ẹ̀jẹ̀ wọn, wákàtí mẹ́rin-mẹ́rin. Ọbanijésù a jókòó tì wọ́n. Shiloh kì í bá a sọ̀rọ̀ mọ́.

Lọ́jọ́ kan, Mummy yíjú sí i lórí àga ẹ̀rọ náà.

"Ṣé torí kí Shiloh má bàa bú ẹ nìkan ni?"

Ọbanijésù fa aṣọ bo ẹsẹ̀ wọn.

Ẹ̀yin tí ẹ ń ka èyí, ẹ jẹ́ kí oògùn òbí yín wà lára wọn. Ẹ má sọ̀ kalẹ̀ nínú ọkọ̀ nítorí fọ́tò. Bí ẹ bá sì ṣàṣìṣe, ẹ tètè ké sí ẹni tó lè gbà yín, lójú ẹsẹ̀, bí ojú tiẹ̀ ń tì yín. Ẹ jẹ́ kí wọ́n bú yín. Ẹ jẹ́ kí wọ́n bú yín dáadáa, kí ìyá yín sì wà ní àlàáfíà.