Ẹ̀rọ Tó Ń Gba Oríkì Kó Tó Fọ Ẹ̀jẹ̀

Àgbà ní ẹni tí a ṣe lóore tí kò dúpẹ́, bí ọlọ́ṣà kó ni lẹ́rù lọ ni. Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́ ká ṣolè o! Ní ìlú wa, ẹ̀rọ tó ń bá aláìsàn kíndìnrín fọ ẹ̀jẹ̀ kò gba kọ́bọ̀. Oríkì onọ́rébù tó ń ṣojú wa nílé aṣòfin ló ń gbà, láti ẹnu aláìsàn fúnra rẹ̀.

Lónìí, Màmá Àjíhún jókòó tì í, ẹsẹ̀ wọn wú bí iṣu, wọ́n ń mí hẹlẹhẹlẹ. Wọ́n ki onọ́rébù délẹ̀délẹ̀. Ẹ̀rọ dákẹ́.

"Ẹ pẹ̀lẹ́, Màmá," ni Nọ́ọ̀sì Fadékẹ́ wí. "Ẹni tí ẹ kì yẹn ti fìdí rẹmi nínú ìbò àná. Ẹni tuntun ni kí ẹ kì."

"Kí ló ṣe tí n ó fi kì í?"

"Kò tíì ṣe nǹkan kan. Ẹ ṣáà máa kì í, Màmá! Bí a ò bá fọ ẹ̀jẹ̀ yín lónìí, ó dọwọ́ Ọlọ́run."

Màmá ṣa ìwọ̀nba èémí tó kù jọ, wọ́n ké:

"Òjò tí kò tíì rọ̀, tí àgbàdo ti gbó!
Ọmọ a-kò-tíì-gbẹ́-kànga, tí gbogbo ìlú ti mumi yó!"

Kíá, ẹ̀rọ bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́.

Àwa aláìsàn mẹ́sàn-án tó kù lórí bẹ́ǹṣì kò rẹ́rìn-ín. "Màmá, ẹ jọ̀ọ́," la bẹ̀ wọ́n, "ẹ tún un pè díẹ̀díẹ̀, ká lè há a sórí."