Ẹ̀bùn Ọjọ́ Ìbí Màmá Lurleen

Nígbà tí Dókítà Walter Pruitt sọ fún Truett àti Darla pé ọkàn ìyá wọn ò lágbára mọ́, pé ìbẹ̀rù kékeré lè pa á, àwọn méjèèjì sunkún gidigidi. Lọ́sẹ̀ yẹn náà ni wọ́n pinnu pé ẹ̀bùn ọjọ́ ìbí tó yẹ ẹ́ ni kó lọ wo gbalasa òfuurufú.

Màmá Lurleen ti lé lẹ́ni ọgọ́rin ọdún. Opó ni, òun ló sì ni ilẹ̀ ìjẹko tó fẹ̀ jù ládùúgbò wọn ní ìwọ̀ oòrùn Texas. Àwọn ọmọ rẹ̀ fẹ́ràn rẹ̀. Wọ́n fẹ́ràn ilẹ̀ náà pẹ̀lú. Truett ta ọkọ̀ ojú omi rẹ̀, Darla fi ilé rẹ̀ yáwó ní báńkì, wọ́n sì ra àyè kan fún un nínú rọ́kẹ́ẹ̀tì.

"Ẹ̀rù ń bà mí o," ni màmá wí. "Dókítà ní n má tiẹ̀ gun àkàbà."

"Màmá, ta ló ní kí ẹ gun àkàbà?" Truett dáhùn. "Ẹ̀yin ẹ ṣáà jókòó. Rọ́kẹ́ẹ̀tì ló máa gùnkè."

"Tí mo bá wá kú síbẹ̀ ńkọ́?"

"Ọlọ́run ò ní gbà á," Darla wí kíákíá. "Tó bá sì gbà, ọ̀run ò ṣáà ní jìnnà sí yín mọ́."

Àwọn dókítà ilé iṣẹ́ rọ́kẹ́ẹ̀tì yẹ màmá wò, wọ́n ní ara rẹ̀ le koko. Àwọn ọmọ wojú ara wọn, wọ́n rẹ́rìn-ín. Ẹni tó ti gbowó, àìsàn wo ló tún fẹ́ rí?

Lọ́jọ́ ìrìn àjò, Darla wọ aṣọ dúdú lọ sí aginjù tí rọ́kẹ́ẹ̀tì ti fẹ́ gbéra. Ó ní àwọ̀ náà ló ń bá òun lára mu. Truett ti bẹ pásítọ̀ wọn pé kó má kúrò nílùú lọ́sẹ̀ náà. Rọ́kẹ́ẹ̀tì bú ramúramù, ó ṣí lọ sókè. Tẹ̀gbọ́n tàbúrò di ọwọ́ ara wọn mú, wọ́n ń gbàdúrà kíkankíkan. Kò sẹ́ni tó sọ ohun tó ń tọrọ.

Kò pẹ́ tí páráṣúùtì fi gbé àwọn èrò sọ̀ kalẹ̀ wọ́ọ́rọ́wọ́. Màmá ló kọ́kọ́ jáde, ijó ló sì ń jó bọ̀.

"Màmá, ọkàn yín ńkọ́?" Truett béèrè.

"Ó wà níbi tó wà, ọmọ mi. Ẹ wá wo bí ayé ṣe rí rogodo!"

Ó fẹnu ko àwọn méjèèjì lẹ́rẹ̀kẹ́, ó dúpẹ́, ó súre fún wọn, ó sì lọ wọ ọkọ̀ Dókítà Pruitt tó ń dúró dè é.

"Walter, ṣé mo sọ fún ọ," ó wí, bó ṣe ń fa bẹ́líìtì ìjókòó mọ́ra, "pé tí o bá ti lè bá mi purọ́ àìsàn ọkàn yẹn fún wọn, àwọn fúnra wọn ló máa sanwó rọ́kẹ́ẹ̀tì fún mi?"